Ọjọ́ Tí Mo Fi Gẹ̀ẹ́sì Sọ Oko Àna Mi Di Aṣálẹ̀

Bí mo tilẹ̀ dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ mi, mi ò rò pé mo lè gbàgbé ọjọ́ tí ẹja àrọ̀ kan ń ta kiri lẹ́sẹ̀ àwọn aláṣẹ nínú gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ wa, tí èmi sì ní láti dìde kí n sọ pé èmi ni mo ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹja náà ní iṣẹ́ tó wá jẹ́, iṣẹ́ gidi sì ni. Èmi tí mo gbé e wá ni mo ti ba nǹkan jẹ́ tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹja.

Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ilérò, mo sì ti ń kọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Òun gan-an ló sọ ìtìjú náà di méjì. Ìyàwó mi, Fọlákẹ́, ọmọ abúlé kan ni tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ayin, kò jìnnà sí wa tí èèyàn bá gun ọ̀kadà. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ló sì ń mójú tó oko tí bàbá fi sílẹ̀: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, àti àwọn igi òrí tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣa èso wọn lọ́dọọdún. Gbogbo abúlé ń pè é ní Ìyá Fọlákẹ́. Èmi ń pè é ní Màmá, mo sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó pè é bẹ́ẹ̀.

Inú ọyẹ́ ni a wà nígbà tí ìròyìn dé pé ìjọba àti ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wá kọ́ ẹ̀rọ iná àtọ́míìkì kékeré kan sí agbègbè wa. Wọn ò tíì ṣe irú rẹ̀ rí nílẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ fi dán an wò ni. Wọ́n ń wá ibi tó gbòòrò, tí èrò ò pọ̀ níbẹ̀, tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì le. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ní lọ́kàn, Ìdí-Ayin sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò àyíká: ta ló ń gbé ibẹ̀, kí ni wọ́n ń gbìn, omi wo ni wọ́n ń mu, kí sì ni ẹ̀rọ náà yóò gbà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọn yóò kọ sínú ìwé, ìwé náà ni ìjọba yóò sì wò kí wọ́n tó mú ibì kan nínú mẹ́ta.

Mi ò bá iná jà o. Ẹni tó bá ti fi fìtílà máàkì ìwé ìdánwò ọgọ́rin ọmọ kò lè bá iná jà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n wo ilẹ̀ náà dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí àwọn olùwádìí mẹ́ta gúnlẹ̀ láti Àbújá, tí kò sí èyí tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn, tí wọ́n sì bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa bóyá ó mọ ẹni tó lè ṣe ògbufọ̀, ọ̀gá ò tíì la ẹnu tí mo fi ti dìde. Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi.

Ọ̀gá àwọn olùwádìí náà, ọkùnrin gíga kan tó wọ awò ojú, kìlọ̀ fún mi nínú mọ́tò. Ó ní, "Olùkọ́, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì la wá ṣe. Ohun tí wọ́n bá sọ gan-an ni kí o sọ fún wa. Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀." Mo ní ó ti yé mi. Mo tilẹ̀ gbé àyà sókè, torí pé ẹnìkan pe iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ẹnu ṣe ní sáyẹ́ǹsì.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ẹ ti mọ ibi tí wàhálà wà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí àjèjì bá dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye ewúrẹ́ rẹ, iye ebè rẹ, bí iṣu rẹ ṣe ta sí, kò sí ọmọlúàbí tó máa dìde dúró kó máa fọ́nnu. Wàá ní a dúpẹ́. Wàá ní a kàn ń gbìyànjú ni. Bí iṣu bá kún àká dé òrùlé, wàá ní "díẹ̀díẹ̀ náà ni." Ojú ayé pọ̀, ẹni tó bá sì ń bèèrè púpọ̀ lè jẹ́ agbowó-orí. Gbogbo wa ló mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, sáyẹ́ǹsì ti gùn mí.

Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ abúlé la kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní kí n bi í léèrè ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Baálẹ̀ fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ẹran kẹ̀? Ọ̀kan méjì tó ń rìn gbéregbère kiri yẹn náà ni." Lẹ́yìn ilé rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ń ké bí ẹgbẹ́ akọrin tí wọn ò tíì fún ní ohùn. Mo túmọ̀ rẹ̀: ewúrẹ́ kan, tàbí méjì. Ọkùnrin awò ojú kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bèèrè odò Ẹlẹ́ja tó wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n gbé wá. Baálẹ̀ ní, "Odò wo? Iyanrìn lásán nìyẹn." Òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, iyanrìn lásán ló wà lójú rẹ̀, àwọn obìnrin abúlé ló máa ń gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó rí omi pọn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, odò á kún dé etí. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ò sọ ìyẹn. Èmi náà ò sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà la dé ọ̀dọ̀ Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo gbọn eruku kúrò láyà, mo ní, "Màmá, wọ́n ní kí ni ẹ ń gbìn sórí ilẹ̀ yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni arúgbó bíi tèmi fẹ́ gbìn? A kàn ń họ ilẹ̀ kiri kí ọjọ́ lè lọ ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, jàre."

Mo kọjú sí ọkùnrin awò ojú, mo wá Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé jùlọ, mo ní màmá yìí sọ pé òun kì í gbin nǹkan kan, òun kàn máa ń họ ilẹ̀ kiri kí ọjọ́ lè lọ, kò sì sí ohunkóhun níbẹ̀. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì yìn mí pé èdè mi mọ́. Bí a ṣe ń jáde, Màmá ní kí a dúró, àwọn àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó wọ inú àká, ó gbé iṣu márùn-ún jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó itan àgbàlagbà. A kó wọn sẹ́yìn mọ́tò. Ọkùnrin awò ojú bi mí lójú ọ̀nà pé ọjà wo ni màmá náà ti ra irú iṣu báyìí. Mo ní Màmá ò sọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ nìyẹn.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀, ìwé àyẹ̀wò sì jáde. Wọ́n gbé e sórí tábìlì kan ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n ní kí gbogbo ará ìlú wá kà á, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ kọ ọ́ wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a tó jókòó ìtagbangba lé e lórí. Mo lọ kà á nítorí ti ara mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ iṣẹ́ mi níbẹ̀. Wọ́n dá a. Wọ́n ní ilẹ̀ Ìdí-Ayin ṣófo. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ fi ẹnu ara wọn sọ pé kò sí ohun tó ń hù níbẹ̀, opó kan sì ní òun kàn máa ń họ ilẹ̀ kí ọjọ́ lè lọ. Odò ibẹ̀ ti di iyanrìn. Nítorí náà, nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìdí-Ayin ló dára jù fún ẹ̀rọ náà, kò sì sí ohun ọ̀gbìn tí ìjọba yóò san owó gbà-má-bínú lé lórí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé gbára lé.

Oko tó bọ́ ìyàwó mi dàgbà, èmi ni mo fi ẹnu pa á rẹ́.

Mo délé, mo jẹ́wọ́ fún Fọlákẹ́. Ó gbọ́ ọ láì dá mi lẹ́nu, ó wá ní, "Bàbá Tóbi, ẹ sọ fún àwọn ará Àbújá pé oko ìyá mi kì í ṣe nǹkan kan?"

Mo ní, "Òun ló sọ ọ́. Èmi kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ ni."

"Tí ìyá mi bá ní òun ti kú sọ́hùn-ún, ẹ ó gbé e lọ sin nìyẹn?"

Ó ní kí n fetí sílẹ̀ dáadáa: a ò tún ní gún iyán kankan nínú ilé náà títí oko ìyá òun yóò fi padà sínú ìwé, kí n sì tètè wá nǹkan ṣe kí ìyá òun tó gbọ́. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí mo fi ẹnu bàjẹ́, màá fi gbogbo ara tún un ṣe. Gbogbo ara náà ni mo sì fi ṣe é, ẹ ó gbọ́.

Mo kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́fà. Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ mi kà á tán, ó ní, "Ẹ ń sọ pé ohun tí ẹ sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́?" Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn. Ó ní òun ò lè kọ ìyẹn sínú fáìlì, kí n lọ wá ẹ̀rí.

Mo gba Ìdí-Ayin lọ, mo bẹ Baálẹ̀ kó pe àwọn èèyàn jọ kí olúkúlùkù sọ ohun tó ní fún mi, kí n kọ ọ́. Mi ò sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un, ojú ń tì mí. Baálẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n ti fi ọ́ jẹ agbowó-orí ni?" Mo ní rárá, Bàbá, nítorí ìwé kan ni. Ó ní, "Ìwé náà ni wọ́n máa ń pè é." Kí n tó jáde nílé rẹ̀, gbogbo ewúrẹ́ abúlé ti wọgbó.

Ó dáa. Mo ní màá ka ebè oko Màmá fúnra mi. Mo dé oko ní kùtùkùtù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun, mo ń kà, mo ń kà. Mo dé ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogún nígbà tí bàbá kan tó ń lọ sóko rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà!" Mo ní ẹ kú ọ̀nà, sà. "Ilé ńkọ́?" Wọ́n wà, sà. "Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó wa ńkọ́? Iṣẹ́ ìjọba ńkọ́?" Ta ló lè ní kí àgbàlagbà dákẹ́ torí pé òun ń ka ebè? Nígbà tí ìkíni máa fi parí, iye tí mo kà dé ti fò lọ. Mo padà sí ìkángun. Mo dé ẹgbẹ̀rin, ìyá kan kọjá pẹ̀lú agbọ̀n, òun náà ní kí ni mò ń ṣe, mo ní mò ń nara ni. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, mo ti kí gbogbo abúlé tán, mi ò sì mọ iye ebè kan.

Mo wá ronú kan odò. Odò kì í bi èèyàn ní ilé ńkọ́. Odò Ẹlẹ́ja ti kún lákòókò yẹn, mo ní kí n ya fọ́tò rẹ̀, kí ìjọba fojú ara wọn rí i pé iyanrìn wọn ti ń ṣàn. Etí bèbè ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo fẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe jìn. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo wọnú omi, mo na fóònù síwájú. Òkúta yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣubú, mo dìde. Fóònù ò dìde.

Obìnrin kan tó ń fọṣọ létí odò ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tíṣà. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn jìn ni?" Mo ní mo mọ̀, ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba mọ̀ gan-an nìyẹn.

Báyìí ni ọjọ́ ìjókòó pé láìsí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fi kan ẹja. Apẹja kan ní Ìdí-Ayin fún mi ní ẹja àrọ̀ kan tó gùn tó apá mi. Mo bu omi odò sí gárawá, mo jù ú sínú rẹ̀, mo fi àkísà dì í lẹ́nu, mo gun ọ̀kadà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà ń yọ̀. Ọlọ́kadà ní, "Tíṣà, ẹ dì í mú dáadáa o." Mo di gárawá mú dáadáa. Kò sẹ́ni tó di èmi mú. Nígbà tí a dé ibi ẹrẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kadà gba ọ̀tún, èmi gba òsì, mo sì gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú gárawá lórí àyà mi. Díẹ̀ ló dà nínú omi náà. Aṣọ funfun tí mo wọ̀ kí àwọn aláṣẹ lè bọ̀wọ̀ fún mi nìkan ló bá a lọ.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn dá mi dúró. "Kí ló wà nínú gárawá yẹn?"

"Ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí yín ń mira."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rí tó wà láàyè ni."

Ó rò ó títí, ó ní kí n máa wọlé. Gbọ̀ngàn ti kún. Baálẹ̀ àti àwọn ará Ìdí-Ayin jókòó sápá kan, Màmá wà láàárín wọn, Fọlákẹ́ jókòó tì í, ó wo aṣọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yíjú. Níwájú ni ìgbìmọ̀ wà, alága wọn jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan láti Àríwá, ojú rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ọkùnrin awò ojú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ìwé ńlá náà. Mo wá àyè síwájú, mo gbé gárawá sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ẹnìkan tó ń wá àyè kọjá fi ẹsẹ̀ gbá a.

Omi odò Ẹlẹ́ja ya lọ tààrà sábẹ́ tábìlì ìgbìmọ̀. Ọkùnrin awò ojú gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì sókè. Ẹja tẹ̀lé omi, ó ń fi ìrù lu ilẹ̀ pàpàpà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gun àga.

Alága ò gun nǹkan kan. Ó ní, "Ta ló ni ẹja yìí?"

Mo dìde tòun ti ẹrẹ̀ lára mi. Mo ní èmi ni. Ó bèèrè ẹni tí mo jẹ́, mo sọ fún un. Ó ṣí ìwé ńlá náà, ó kà, ó gbójú sókè. "Ìwọ ni ògbufọ̀ inú ìwé yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. "O sọ níbí pé odò náà ti di iyanrìn. Níbo wá ni ẹja yìí ti wá?"

Mo ní, "Láti inú iyanrìn náà, mà."

Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọn yóò lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti dé pé ọkọ̀ ògbufọ̀ tí wọ́n ń retí bàjẹ́ lọ́nà Ìsẹ́yìn, alága sì ní kí èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wá parí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe opó inú ìwé wá. Màmá rìn síwájú, ó ń gbé aṣọ rẹ̀ sókè nítorí omi.

Alága bèèrè pé kí ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo sì ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Màmá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí wọn. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ni arúgbó fẹ́ ní? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o. A kàn dúpẹ́ ẹ̀mí ni."

Oko ọ̀hún tún fẹ́ lọ lójú mi lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo kọjú sí alága, mo ní màmá sọ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ebè iṣu ló wà níbẹ̀, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti igi òrí. Òṣìṣẹ́ kan tó gbọ́ Yorùbá pariwo láti ẹ̀yìn pé irọ́ ni, màmá ò sọ bẹ́ẹ̀. Ariwo ta. Alága fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Olùkọ́, èwo ni kí n gbà gbọ́? Èyí tí o sọ nínú ọyẹ́, àbí èyí tí o ń sọ lónìí?"

Níbẹ̀ ni ìgboyà tó kù nínú mi ti jáde. Mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ayé. Mo ní nínú ọyẹ́, mo túmọ̀ ohun tó sọ, mo sì parọ́. Lónìí mo túmọ̀ ohun tí kò sọ, òótọ́ sì ni. Mo ṣàlàyé pé nílẹ̀ wa a kì í ka ohun ìní ẹni fún àlejò, pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé mo panu mọ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin awò ojú ní, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé àwọn ò lè kọ ohun tí àwọn èèyàn ò sọ. Ó tọ̀nà. Alága ní, "Báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀?"

Ìgbà yẹn ni ọkàn mi ṣí. Gbogbo wa ti ń túmọ̀ Màmá fún ìwé, kò sẹ́ni tó tíì túmọ̀ ìwé fún Màmá. Mo yíjú sí i, mo ní, "Màmá, wọ́n ti gbọ́ o. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ yín. Wọ́n ní nígbà tí kò ti sí nǹkan kan, ibẹ̀ ló dára jù láti gbé ẹ̀rọ iná sí, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀, torí ẹni tí kò ní nǹkan kan, kí ló fẹ́ pàdánù?"

Màmá tú gèlè, ó fi gba ìdí.

"Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ tèmi? Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ebè iṣu ló wà lórí ẹ̀ báyìí, mi ò tíì ka àgbàdo, mi ò tíì ka ẹ̀gẹ́! Igi òrí mọ́kànlélógún, ìyá ọkọ mi ló fi wọ́n lé mi lọ́wọ́, òrí tí mò ń tà ní Ṣakí ló rán ọmọ márùn-ún níwèé! Odò yẹn là ń mu lójò, iyanrìn rẹ̀ là ń gbẹ́ mu lẹ́ẹ̀rùn, ọmọ kan ò kú sí wa lọ́wọ́ lórí òùngbẹ. Ọkọ mi sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ oko yẹn ni mo sin ín sí. Ṣé òun náà ni wọ́n kọ pé kò sí?"

Mò ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ti jẹ nínú oko yẹn lọ́pọ̀ ọdún, mi ò tíì gbọ́ kí Màmá kà á rí. Kí n tó parí, Baálẹ̀ ti dìde: "Ewúrẹ́ mẹ́tàdínlógójì! Àgùntàn mẹ́sàn-án!" Ẹlòmíràn ní ilé oyin mẹ́rìnlá. Ẹni tí kò ní ju adìyẹ lọ ka adìyẹ. Gbogbo ohun tí wọn ò jẹ́ sọ fún mi ní odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, mò ń túmọ̀ rẹ̀, ọkùnrin awò ojú sì ń kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Mo rò pé ó ti parí. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó ní ó ku ẹyọ kan. "Ta ló sọ fún wọn nígbà yẹn pé kò sí nǹkan kan?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Màmá. Èmi ni mo bá yín sọ ọ́."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ẹrẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. "Ìwọ. Ìwọ tó wá sìn mí lóko kí n tó fún ọ lọ́mọ. Odidi poro mẹ́wàá ni mo ní kí o kọ. Kò sí ebè kan tó tọ́ níbẹ̀! Èmi ni mo tún gbogbo wọn kọ nígbà tí o lọ tán, tí mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ, torí pé o níwà. Ẹni tí kò lè kọ ebè, ṣé òun ló máa mọ̀ pé oko wà?"

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Fọlákẹ́ pàápàá fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ní kí ọ̀rọ̀ náà kọjá lọ, àmọ́ alága ti tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Olùkọ́, kí ni màmá sọ?"

Mo nà ró. Mo túmọ̀ rẹ̀, látòkè délẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé: pé olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó dúró níwájú yín yìí wá kọ ebè fún ìyá ìyàwó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì wọ́. Alága rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Èyí ni mo gbà gbọ́." Ó ti ìwé ńlá náà padà sọ́dọ̀ ọkùnrin awò ojú, ó ní kí wọ́n lọ tún àyẹ̀wò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wá nígbà òjò, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin oko, kí wọ́n má fi ẹnu nìkan ṣe é.

Wọ́n ti wá. Wọ́n sùn ní Ìdí-Ayin fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ń ṣírò ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí; ìjọba ò tíì mú ibì kankan nínú mẹ́ta. Ó lè jẹ́ Ìdí-Ayin ni wọn yóò mú, ó lè má jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ gba ilẹ̀ náà, wọn yóò mọ iye ohun tí wọ́n ń gbà, wọn yóò sì mọ ẹni tó sùn síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kalẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni náà kó tó mọ èdè, àti pé bí o bá ti ṣàṣìṣe níta gbangba, ìta gbangba náà ni kí o ti lọ tún un ṣe, ẹrẹ̀ ì báà bò ọ́.

Iyán ti padà sínú ilé wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà ti gbọ́ ìtàn yìí, mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Bí a bá dé orí ẹ̀kọ́ ebè kíkọ báyìí, wọ́n á na ọkọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Sà, ẹ kọ ọ̀kan kí a rí i." Mo máa ń sọ fún wọn pé ìwé ló gbé e sílẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fúnra wọn, mo sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí kí ni mo tún fẹ́ ṣe?